Igi Tó Wà Láyà Àgbọ̀nrín

Ẹran náà mọ́ tónítóní. Ohun tó kọ́kọ́ dá jìnnìjìnnì bò mí nìyẹn, kí n tó fojú kan òkú ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àgbọ̀nrín ńlá kan ni, wọ́n fẹ̀yìn rẹ̀ lélẹ̀, wọ́n fi òkúta há a lọ́tùn-ún lósì kó má baà yí. Wọ́n ti là á láti ìdí dé àyà. Ìfun rẹ̀ wà lórí ewé kan, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn rẹ̀ wà lórí ewé mìíràn, inú ẹran náà fúnra rẹ̀ sì ṣófo bí abọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Kò sí ìgbẹ́ níbẹ̀, kò sí ìtọ̀, kò sí irun kan ṣoṣo. Ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà sùn ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ mẹ́ta sí i, nínú ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀, ojú rẹ̀ là sílẹ̀.

Ọdún kọkànlá tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rèé. Mo ti rí òkú lójú títì, mo ti rí i nínú kànga, mo sì ti rí èyí tí n kò ní sọ fún ìyàwó mi láéláé. Ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí ẹran ti rí ìtọ́jú tó báyẹn, tí ènìyàn sì kú tì í bí ẹni tí kò lẹ́nìkan. Mo kọ àwọn ohun tó wà nílẹ̀ sínú ìwé: ìbọn kan, aṣọ ìnuwọ́ kan, ọ̀bẹ kan tí wọ́n fi ìwo ṣe èèkù rẹ̀, kẹ́ẹ̀gì kan tí omi kún inú rẹ̀, tó ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lú ìdérí lẹ́nu.

Gbogbo wa la mọ olóògbé. Bàbá Ìmọ́tótó ni à ń pè é. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe ọdẹ tó sì ń ta ẹran ìgbẹ́, kò sì sí ẹni tó ra ẹran lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá a pé ó ń rùn. Ìyá mi máa ń sọ pé ẹran Bàbá Ìmọ́tótó, a lè dijú rà á. Ọ̀bẹ ara rẹ̀ ló gé e ní inú itan, níbi tí iṣan ńlá gbà kọjá. Dókítà ní láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí kó máà tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀mí ti bọ́.

Ọ̀gá àgọ́ wa kò fi àkókò ṣòfò. Ó ti mú ẹni tó mú. Aṣọ́gbó tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó ló rí ọkọ ọmọ olóògbé, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ télọ̀, tó ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti bo ẹ̀wù rẹ̀, kò sì lè sọ gbólóhùn kan dópin. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé òun àti àna rẹ̀ ti jà rí, lójú ọjà, nígbà tí bàbá yẹn sọ pé ẹni tí kò lè pa adìẹ ni ọmọ òun lọ fẹ́.

Bí a ti ń palẹ̀ mọ́ ni Màmá Díẹ̀díẹ̀ dé.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ni, obìnrin kúkúrú tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò ju oṣù mẹ́rin lọ mọ́. Orúkọ yẹn ni a sọ ọ́, nítorí bí o bá sáré sọ̀rọ̀ níwájú rẹ̀, á ní díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ó máa ń ká ọ̀rá kan sínú báàgì rẹ̀ tó fi ń kúnlẹ̀. Ó tẹ́ ọ̀rá náà, ó kúnlẹ̀, kò sì kúnlẹ̀ ti òkú. Ẹran ló kúnlẹ̀ tì. Inú bí mi díẹ̀, kí n má parọ́.

“Sájẹ́ǹtì, kí lo rí?”

“Ẹran, Mà.”

“Kí ló tún wà níbẹ̀?”

Mo tún un wò. Igi kan wà láàárín ìhà ẹran náà. Igi tútù ni, wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, wọ́n gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì ní ṣóńṣó, wọ́n sì fi ti ìhà ọ̀tún àti ti òsì kúrò lára wọn, kí àyà ẹran náà lè là sílẹ̀. Mo sọ fún un pé mo rí igi. Ó ti fi ẹ̀mú kékeré ṣa èèpo igi kan nílẹ̀, ó sì gbé e sójú oòrùn.

Èèpo náà gùn tó ìka mi. Abẹ́ rẹ̀ ti pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. Òkè rẹ̀ funfun, kò sí àbàwọ́n kankan. Ó ṣa òmíràn, bákan náà ló rí. Ó ṣa mẹ́fà, ó fi wọ́n sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ pé inú ẹ̀jẹ̀ olóògbé ni a ti ṣa wọ́n, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀ ẹran. Mo kọ ọ́. Lọ́kàn mi, mo ní ẹni tó bá fẹ́ fẹ̀yìn tì ló ń ṣa pàǹtí kiri.

*

Wọ́n ti so télọ̀ náà mọ́ àga nígbà tí a dé àgọ́. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan báyìí ni, ìka rẹ̀ gùn, ẹ̀jẹ̀ sì ti gbẹ mọ́ abẹ́ èékánná rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ń pariwo. Màmá Díẹ̀díẹ̀ fa àga kan, ó jókòó, ó sì ní kí ọkùnrin náà ròyìn àárọ̀ ọjọ́ yẹn láti ìgbà tó ti wọ bàtà.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ gùn, ó sì ń sunkún sí i lára. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni bàbá ìyàwó òun wá bá òun ní ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní ìjà ti tán. Ó ní ọmọ ń bọ̀ lọ́nà, bàbá ọmọ sì gbọ́dọ̀ mọ bí ẹran ṣe ń dé inú ìkòkò. Láàárọ̀ yẹn ni wọ́n jọ wọ igbó. Ìbọn kan ṣoṣo ni bàbá náà yìn tí àgbọ̀nrín fi ṣubú.

Ibi tó dé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ohùn rẹ̀ yí padà. Ó ní wọ́n kọ́ òun pé a kì í sáré la ikùn. Ihò ìdí ẹran la kọ́kọ́ ń gé yíká, a ó sì fi òwú dè é pinpin kí ìgbẹ́ má baà tú sára ẹran. Ó ní òwú òun ni wọ́n lò, òwú aláwọ̀ ewé tó lágbára, èyí tí òun fi ń rán aṣọ àwọn òṣìṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọ̀bẹ lé òun lọ́wọ́. Wọ́n ní kí òun kọ ojú ọ̀bẹ sókè, kí òun fi ìka méjì gbé awọ ikùn, kí ọ̀bẹ máa rìn láàárín ìka méjèèjì bí síṣọ́ọ̀sì ṣe ń rìn lórí aṣọ, kó má baà kan àpò oúnjẹ tàbí àpò ìtọ̀.

“Wọ́n ní ọwọ́ mi fẹ́lẹ́, Mà. Wọ́n ní ọwọ́ télọ̀ ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Wọn ò yìn mí rí látìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn.”

Ó ní nígbà tí gbogbo nǹkan inú ẹran ti jáde tán, bàbá náà gba ọ̀bẹ padà, ó sì rán òun lọ pọn omi ní odò tí àwọn á fi fọ ọwọ́. Ọwọ́ nìkan o. Omi kò gbọdọ̀ kan ẹran, aṣọ gbígbẹ ni wọ́n fi ń nù ún. Àlọ àti àbọ̀ odò náà tó ogójì ìṣẹ́jú. Ìgbà tí òun dé, òkú ni òun bá. Òun gbé e mọ́ra, òun ń pè é, kò dáhùn.

“Igi tó wà láyà ẹran ńkọ́?” ni Màmá Díẹ̀díẹ̀ béèrè. “Ìwọ lo fi síbẹ̀ ni, àbí àwọn?”

“Igi wo, Mà?”

Ọ̀gá àgọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní ẹni tó ń purọ́ nìyẹn. Màmá Díẹ̀díẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó béèrè ibi tí ìyókù òwú náà wà. Télọ̀ ní òun fi sílẹ̀ lórí òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ àna òun, wọ́n máa fi so ẹran náà. Ara páálí pẹlẹbẹ kan ló ká a mọ́.

Mo ṣí ìwé mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí òwú nínú ohun tí a bá nílẹ̀, àyàfi èyí tí wọ́n dè mọ́ ìdí ẹran. Mo sọ bẹ́ẹ̀, ojú télọ̀ sì rọ. Kí n sọ òótọ́, ìgbà yẹn ni èmi náà gbà pé ó jẹ̀bi. Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀wù rẹ̀, òwú rẹ̀ wà lára ẹran, ó sì ń sọ nípa ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí.

Ọ̀gá àgọ́ wo aago. Ó ní ọkọ̀ tó ń kó àwọn ẹlẹ́jọ́ lọ á gbéra ní aago méjì. Bí ọkùnrin yìí bá ti wọ ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú ẹ̀sùn ìpànìyàn, ó di ọwọ́ ilé ẹjọ́, ó sì lè pé ọdún méjì kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.

*

Orí àga gbọọrọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ la bá ọmọ olóògbé. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù kẹjọ. Ilé ìwòsàn aboyún ló wà láti aago méje àárọ̀, nọ́ọ̀sì méjì ló sì jẹ́rìí sí i, nítorí mo ti lọ béèrè. Bẹ́ẹ̀ ni, mo lọ béèrè. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo fi ojú àánú wo aboyún.

Kò pariwo. Ó di ẹ̀wù Màmá Díẹ̀díẹ̀ mú bí ọmọdé.

“Bàbá mi kú láàárọ̀ yìí, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n pàdánù bàbá ọmọ mi lọ́sàn-án.”

Màmá Díẹ̀díẹ̀ jókòó tì í. Ó fi àwòrán igi náà hàn án lórí fóònù mi, ó sì béèrè ohun tó ń ṣe láyà ẹran. Obìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní igi àyà ni. Tí gbogbo nǹkan inú ẹran bá ti jáde, ooru ṣì wà nínú ara rẹ̀. Bí ìhà bá padé, ooru á há síbẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí ẹran á fi máa rùn láti ìdí egungun wá. Nítorí náà, wọ́n á fi igi ti ìhà kúrò lára ara wọn kí atẹ́gùn lè wọlé. Ó ní ohun tí bàbá òun fi ju gbogbo ọdẹ yòókù lọ nìyẹn, kì í sì í jẹ́ kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kọjá lórí rẹ̀.

“Ṣé wọ́n ti kọ́ ọkọ rẹ?”

“Èmi àti Bọ̀dá Igbákejì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ ọkọ mi nìyí.”

“Ọ̀bẹ oníwo yẹn ni wọ́n fi ń gé igi náà?”

Obìnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú omijé lójú. “Ká má rí i. Bàbá mi lè lù yín. Ọ̀bẹ ẹran kì í fojú kan igi, ó máa kú. Ọ̀bẹ kejì la fi ń gé e, Bọ̀dá Igbákejì ló máa ń mú un dání.”

Bọ̀dá Igbákejì tó ń wí yìí ni ọmọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ tó dàgbà jù. Kò sí ẹni tó ń pè é ní orúkọ mìíràn. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti wà lọ́dọ̀ olóògbé, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ti í. Mo ti bá a sọ̀rọ̀ láàárọ̀. Ó ní láti aago mẹ́fà ni òun ti wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí òun ń fọ yàrá tútù tí wọ́n ń kó ẹran sí. Ó sunkún débi pé mo fún un ní áńkáṣíìfù mi, kò sì tíì dá a padà.

Màmá Díẹ̀díẹ̀ fà mí sí kọ̀rọ̀. Ó mú ọ̀kan nínú ọ̀rá èèpo igi náà jáde.

“Abẹ́ rẹ̀ pọ́n, òkè rẹ̀ funfun. Èwo ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni àbí èèpo?”

“Ẹ̀jẹ̀ ni, Mà.”

“Ẹ̀jẹ̀ ta ni?”

Ìgbà yẹn ló yé mi. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Ìmọ́tótó ti dà sílẹ̀ kí ẹni yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í bó igi. Òkú kì í gé igi. Télọ̀ kò mọ̀ pé igi kankan wà. Ẹnì kan dúró ti ọkùnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń tú lára rẹ̀, ó yọ ọ̀bẹ kejì, ó bó igi, ó gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì, ó sì tọ́jú ẹran. Mo ní kí n jókòó díẹ̀. Màmá Díẹ̀díẹ̀ jẹ́ kí n jókòó.

Ọ̀gá àgọ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó sì mi orí. Ó ní èèpo igi kò lè jẹ́rìí nílé ẹjọ́. Afẹ́fẹ́ lè gbé e síbẹ̀. Aṣọ́gbó lè tẹ̀ ẹ́. Ó ní bí kò bá sí ohun mìíràn, aago méjì ni aago méjì. Màmá Díẹ̀díẹ̀ ní kò burú, ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, kó yá òun ní ọkọ̀ tí wọ́n fi gbé àgbọ̀nrín náà wá.

*

Ṣọ́ọ̀bù ẹran náà mọ́ bíi tẹni tó ni ín. Táìlì funfun ló wà lára ògiri títí dé òkè, àwọn ìkọ́ irin to lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n sì to ọ̀bẹ mẹ́jọ sórí pákó láti orí èyí tó kéré dé orí èyí tó tóbi. Aago ara ògiri ti lu ọ̀kan kọjá. Igbákejì jáde wá pàdé èmi, Màmá Díẹ̀díẹ̀ àti ọmọ olóògbé tó bá wa wá, ó ti wú lójú. Ó di mọ́ ọmọ ọ̀gá rẹ̀, ó ń sọ pé ilé ti dà wó, àwọn méjèèjì sì sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Ó tiẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé mo gbàgbé ohun tí a bá wá.

Nínú ọkọ̀, Màmá Díẹ̀díẹ̀ ti yọ igi àyà náà kúrò lára ẹran, ó fi í pamọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ó sọ fún Igbákejì pé ẹ̀rí ìjọba ni ẹran náà, àgọ́ ọlọ́pàá kò sì ní yàrá tútù. Ó bẹ̀ ẹ́ kó bá wa tọ́jú rẹ̀ títí di ọjọ́ ẹjọ́.

A gbé ẹran náà sórí tábìlì. Ìhà rẹ̀ ti padé. Igbákejì wò ó, ó sì pòṣé.

“Ta ló gbé ẹran báyìí? Ẹ ti jẹ́ kí ooru há sínú rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ó máa bàjẹ́?”

Ó wọ ẹ̀yìnkùlé, ó ṣẹ́ ẹ̀ka igi kan, ó padà wá. Ó yọ ọ̀bẹ kékeré kan nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó èèpo. Ó fi igi náà wọn apá rẹ̀ láti ìgúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́, ó gé e, ó gbẹ́ orí méjèèjì. Kò wo ohun tó ń ṣe. Ojú rẹ̀ ṣì ń sunkún, ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ó ti igi náà bọ àárín ìhà, ẹran náà sì là bí ilẹ̀kùn.

Màmá Díẹ̀díẹ̀ ti ki ọwọ́ bọ báàgì láti mú igi àkọ́kọ́ jáde kó fi wọn ti kejì. Gbogbo ohun tó gbẹ́kẹ̀ lé nìyẹn. Kò tíì mú un jáde tán nígbà tí Igbákejì tún ki ọwọ́ bọ àpò, bí ó ti máa ń ṣe láti ọdún mẹ́rìnlá, ó fa òwú kan jáde, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi de ẹsẹ̀ ẹran mọ́ ìkọ́.

Òwú aláwọ̀ ewé ni. Ara páálí pẹlẹbẹ ni wọ́n ká a mọ́.

Màmá Díẹ̀díẹ̀ pàápàá dúró gbagidi, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú báàgì. Ọmọ olóògbé ló sún mọ́ ọn, díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan lórí ikùn. Ó yí páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n fi pẹ́ńsù ya ẹ̀wù ọmọ ìkókó kan síbẹ̀, pẹ̀lú apá rẹ̀ méjèèjì àti bọ́tìnnì mẹ́ta, wọ́n sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí i.

“Ọkọ mi ló ya èyí lálẹ́ àná, èmi ni mo ka bọ́tìnnì fún un. Bọ̀dá, níbo lẹ ti rí i?”

Igbákejì wo páálí náà. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ní tèmi, ṣùgbọ́n kò gbìyànjú láti sá.

Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní òun gun alùpùpù tẹ̀ lé wọn wọ igbó ni, ọ̀nà ẹ̀yìn tí aṣọ́gbó kì í ṣọ́ ni òun gbà, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òótọ́ ni ohun tí òun gbọ́, pé ọ̀gá òun fẹ́ kọ́ télọ̀ níṣẹ́. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn igi, ó sì rí i tí ọ̀gá rẹ̀ fi ọ̀bẹ oníwo lé télọ̀ lọ́wọ́ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ọdún mẹ́rìnlá ni òun fi gbé omi, tí òun gé igi, tí òun fọ ilẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí òun fi ọ̀bẹ yẹn la ikùn ẹran rí. Wọ́n máa ń sọ pé ọwọ́ òun wúwo. Bí télọ̀ ṣe lọ pọn omi ni òun jáde, òun ní kí ọ̀gá òun gbé ọ̀bẹ náà fún òun. Ó kọ̀. Òun fà á, ọ̀gá òun fà á, ẹsẹ̀ ọ̀gá òun yọ̀ lórí ewé, ọ̀bẹ sì wọ itan rẹ̀.

“Mi ò ní in lọ́kàn, Mà. Mo fi Ọlọ́run búra.”

Mo gbà á gbọ́. Ìyẹn ló burú nínú ọ̀rọ̀ náà. Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá káàánú rẹ̀ títí di òní.

Màmá Díẹ̀díẹ̀ béèrè bí igi àyà ṣe máa ń pẹ́ tó láti gbẹ́. Igbákejì ní bí ìṣẹ́jú márùn-ún.

“Ṣé wọ́n ṣì wà láàyè nígbà tí ò ń gbẹ́ ẹ?”

Ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù ń kùn lẹ́yìn wa.

“Wọ́n ń wò mí. Wọ́n ń na ọwọ́ sí òwú tó wà lórí òkúta.”

“Kí lo ṣe?”

“Mo mú un, mo fi sápò.”

“Wọ́n fẹ́ kí o fi de itan wọn,” ni Màmá Díẹ̀díẹ̀ wí. “Òwú yẹn ì bá dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Kí ló dé tí o fi sápò?”

“Mi ò ronú, Mà. Ẹ̀rù bà mí. Mo kàn ń ṣe ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n kọ́ wa pé a kì í fi irinṣẹ́ sílẹ̀ nínú igbó, wọ́n sì kọ́ wa pé a kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́.”

Ọmọ olóògbé ti fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ gbẹ báyìí. Ó ń wo ọkùnrin tó máa ń sìn ín lọ sílé ìwé nígbà tó wà ní kékeré.

“Ẹran náà ńkọ́, Bọ̀dá? Ṣé ó bàjẹ́?”

Igbákejì yíjú sí ẹran tó wà lórí tábìlì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan inú ìhà rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ náà, bó ti máa ń ṣe fún oníbàárà láràárọ̀.

“Rárá o. Ó ṣì dára.”

Ìgbà tó sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Ó jókòó sílẹ̀ lórí táìlì. Mo fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ méjèèjì fún mi láìjẹ́ pé mo sọ fún un.

*

Ọ̀gá àgọ́ kò gbé fóònù rẹ̀, ni mo bá gun ọ̀kadà sáré dé àgọ́ nígbà tí aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Wọ́n ti gbé télọ̀ sínú ọkọ̀, awakọ̀ ti ṣáná sí i. Mo dúró síwájú ọkọ̀ náà bí wèrè, mo na ọwọ́ mi méjèèjì, awakọ̀ sì bú mi tìyá tìyá kó tó tẹ bíréèkì. Ọ̀gá àgọ́ jáde. Ó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó bọ́ fìlà rẹ̀, kò sì dé e padà.

Nígbà tí Màmá Díẹ̀díẹ̀ àti ọmọ olóògbé fi máa mú Igbákejì dé, wọ́n ti tú ọkùnrin náà sílẹ̀, ó dúró ní àgbàlá, kò mọ ibi tó máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ dì mọ́ ọn. Ó fà sẹ́yìn. Ó gbé ọwọ́ sókè kó rí i. Ẹ̀jẹ̀ àárọ̀ ṣì gbẹ mọ́ ọn títí dé ìgúnwọ́, ti ẹran àti ti àna rẹ̀, kò sí ẹni tó lè pín in mọ́.

“Mo fẹ́ fọ ọwọ́ mi,” ló wí. “Látàárọ̀ ni mo ti ń sọ fún wọn.”

Màmá Díẹ̀díẹ̀ wọ yàrá tí a ń kó ẹ̀rí sí. Kẹ́ẹ̀gì tí a bá nínú igbó ló gbé jáde, èyí tí omi kún inú rẹ̀. Ọ̀gá àgọ́ ní ẹ̀rí ni omi yẹn, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ó ṣí ìdérí rẹ̀, ó ní kí ọkùnrin náà na ọwọ́ rẹ̀, ó sì ń da omi tí àna rẹ̀ rán an lọ pọn sí i lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi mọ́.